Epo Inú Ìpéǹpéjú

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú
ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní àdúgbò wa ní Ìlawẹ̀
pé Ìyá kò yé sunkún ọkọ rẹ̀.
Ó ń yan gàrí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.
Ó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, omi ń bọ́.
Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ a rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú:
"Ó tó gẹ́ẹ́, Ìyá Fadékẹ́mi."
Kì í jiyàn. A fi etí ìró nu ojú,
a ní èéfín ni.

Ó di ọdún mẹ́ta kí n tó gbé e lọ sí Ìdó,
sí ọsibítù ńlá tó wà níbẹ̀.
Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, a ò rí orí òkè,
eruku pupa bo ewé kòkó lẹ́bàá títì.

Mo ka àwa tí a wà lórí bẹ́ǹṣì: mọ́kànlá.
Tísà kan tó ti fẹ̀yìntì, ó ní iyanrìn wà lójú òun,
iyanrìn tí ẹnikẹ́ni kò rí.
Ọmọge kan tó fi tìróò fa etí ojú wọnú,
tí kì í fọ̀ ọ́ kó tó sùn.
Ọlọ́kadà láti Ayétòrò, afẹ́fẹ́ ní ń jẹ ojú rẹ̀.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gbójú kúrò lára fóònù
títí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Méje nínú wa ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún.

Dókítà Ọmọ́lúyì fi ìka kan tẹ ìpéǹpéjú ìyá mi,
ó ní kí n sún mọ́ ọn, kí n wò ó.
Lẹ́yìn irun ojú, ihò kéékèèké tò
bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ.
Epo tó mọ́ lóló ló yẹ kó máa ti ibẹ̀ jáde.
Ohun tó jáde funfun, ó ki,
bí ògì tó sùn sí ìdí ìkòkò.

"Ojú tó gbẹ rèé," ó wí.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ojú tó ń domi yìí?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Epo yẹn ló ń bo omi ojú
kí afẹ́fẹ́ má baà lá a.
Bí kò bá sí epo, omi á gbẹ, ojú á ta,
ojú á tún sáré lọ pọn òmíràn,
omi lásán, tí kò ní dúró."
Ó ní ọjọ́ orí wà níbẹ̀, pàápàá fún obìnrin
tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró;
iná gàrí wà níbẹ̀, ọyẹ́ náà ò gbẹ́yìn.
Ó ní bí ikọ́ ló ṣe wọ́pọ̀,
ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wo etí ìpéǹpéjú.
Ó wá yíjú sí mi: "Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?"
Mo ní mo ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà.
"Mo ti rò bẹ́ẹ̀. O ò tíì ṣẹ́jú látìgbà tí o ti wọlé."

A ti kọjá Adó kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀,
ìyá mi tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní usu:
"Bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́ ni.
Ta ni kò mọ ohun tí à ń ṣe sí i?
À ń gbé e sítòsí iná."

Láràárọ̀ báyìí, táwẹ́ẹ̀lì, omi tó gbóná níwọ̀n,
àwa méjèèjì lórí àpótí lẹ́yìnkùlé,
a di ojú bí ẹni ń gbàdúrà,
a fi ìka wọ́ ìpéǹpéjú jẹ́jẹ́,
ti òkè wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sókè.
Bó bá sì gbọ́ tí mo ń tẹ̀wé,
a pariwo láti ìdí agbada: "Ṣẹ́jú!"

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, omi náà dá.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan sọ lẹ́yìn rẹ̀
pé ó ti gbàgbé ọkọ.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo bá a nínú òkùnkùn, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.
Ó ní, "Èéfín ni mo máa ń pè é.
Ní báyìí tí ojú ti yá,
kí ni n ó pè é bó bá tún dé?"